Kánfọ̀ Inú Àpótí Aṣọ

Kánfọ̀ ni mo rí lórí àtẹ ìyá kan lọ́jà Lamashegu, ní Tamale, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá mẹ́rinmẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrí. Ohun kan sì ti ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà náà. Gbogbo wa la wọ aṣọ inú àpótí ìyá àgbà tí kánfọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sóhun tó ṣe wá. Kí ló dé tí ọmọ tuntun míì á wọ irú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ á pọ́n, tí wọ́n á sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn?

Ọ̀dọ̀ ọ́síjìn ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀: òun tó gbé ẹ̀mí wa ró náà ló ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì, èròjà kan tó ń jẹ́ KEAP1 kì í jẹ́ kí èròjà míì, NRF2, pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n bí ìbàjẹ́ bá ti kan KEAP1 fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á yọ, NRF2 á sá wọ kókó sẹ́ẹ̀lì, á sì jí àwọn jíìnì tó ń pèsè ohun ìjà. Ẹni tí ìyà kọ́kọ́ jẹ ló ń kígbe. Ètò yìí wù mí púpọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kò rí ẹni ké sí. Ó ti ju kókó tirẹ̀ nù kó tó jáde, òun ló sì ń ru ọ́síjìn kiri fún nǹkan bí 120 ọjọ́. Arìnrìn-àjò ni: oúnjẹ tó dì kúrò nílé ló máa jẹ dópin. Èròjà kan tó ń jẹ́ G6PD ni olórí ẹrù náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré, náfútálíìnì inú kánfọ̀ lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wẹ́wẹ́.

Nínú ìtàn G6PD yìí, Ìbàdàn ni ibi tó dùn mọ́ mi jù. Ní 1969, Luzzatto, Usanga àti Reddy tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Àwọn obìnrin tí oríṣi sẹ́ẹ̀lì pupa méjì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n yẹ̀ wò nígbà tí ibà ń ṣe wọ́n. Kòkòrò ibà pọ̀ ní ìlọ́po 2 sí 80 nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ pé ju èyí tí tirẹ̀ dín lọ. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn èèyàn wa ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi ìlú sílẹ̀, tí àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìgbòho fi kó ẹrù kúrò ní Tamale. Jíìnì tó ń dín G6PD kù ò mọ ẹnubodè ní tirẹ̀. Ó wà lára Yorùbá, ó wà lára Dagomba ní Tamale. Ṣé àbùkù ni ká wá pè é, àbí ààbò? Ó jọ pé ó kù sí ohun tó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn, ẹ̀fọn tàbí kánfọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú aṣọ ọmọ tuntun pa mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kánfọ̀ sí i.