Kóòdù Méjì Lára Orin Aṣíkò

Madam Comfort Omoge and Her Asiko Ikale Group: orúkọ tí àwọn tó ń gba àwo rẹ́kọ́ọ̀dù jọ mọ̀ dáadáa nìyẹn. Èdè Ìkálẹ̀ ni ìyá náà fi kọrin, kò sì sí ọmọ Òkìtìpupa tàbí Òde-Ìrèlè tó dàgbà díẹ̀ tí yóò gbọ́ ohùn yẹn tí yóò bèèrè pé ta ni. Kọ̀ǹpútà tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ orin lórí Spotify kò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Kò mọ orin aṣíkò yàtọ̀ sí orin bírípo. Kóòdù ni nǹkan tó mọ̀, méjì ló sì yẹ kí orin kọ̀ọ̀kan ní.

Èkíní ń jẹ́ ISRC. Méjìlá péré ni lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́tà méjì tó ṣáájú jẹ́ ti orílẹ̀-èdè. NG ni ti Nàìjíríà. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹni tó gba àṣẹ láti máa fún orin ní kóòdù, yálà ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tàbí olórin fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà méjì tó kàn dúró fún ọdún, márùn-ún tó kẹ́yìn sì ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ya orin náà sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó gba kóòdù lọ́dún yẹn. Ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìlànà rẹ̀ jáde, IFPI, àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, ló sì ń mójú tó o káàkiri àgbáyé. Nítorí náà, kò sí àwo tó jáde ṣáájú ìgbà náà tó bá kóòdù yìí wáyé. Ẹ̀yìn ìgbà tó jáde ni wọ́n ń fún un.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣi kóòdù yìí kà. Ọdún tí wọ́n fún orin ní kóòdù ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Aṣíkò tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà ayé àwo dúdú, tó bá jẹ́ òní ló gba kóòdù, ọdún òní ni yóò gbé. Bákan náà, lẹ́tà orílẹ̀-èdè kò sọ ibi tí olórin ti wá. Ọkọ̀ tó ní KTP lára nọ́ńbà rẹ̀ lè máa ná Kánò lójoojúmọ́. Òkìtìpupa ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn náà ló parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orin tí ọmọkùnrin kan gbà sílẹ̀ ní Ìkọ̀yà ṣe lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú QZ, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló bá a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ nìkan ni ISRC ń tọ̀ lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ta ẹ̀tọ́ orin náà fún ẹlòmíràn, kóòdù kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá padà sí sítúdíò láti tún un kọ, tuntun ni wọn yóò gbà. Ẹ̀yin olórin, bí ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, ẹ mú kóòdù àtijọ́ dání lọ. Bí orin kan náà bá di oníkóòdù méjì, ìṣirò rẹ̀ lè pín sí méjì.

Kóòdù kejì, ISWC, jẹ́ ti orin gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ronú kàn án ṣe gbé e kalẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ì báà fi ohùn kọ ọ́. CISAC, àjọ àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́, tí ilé rẹ̀ wà nítòsí Paris, ló ń darí rẹ̀. Lẹ́tà T ló ṣáájú, nọ́ńbà mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e, ẹyọ kan sì jókòó sẹ́yìn. Ẹyọ ẹ̀yìn yìí ló wú mi lórí jù. Wọ́n á fi ipò nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di ìlọ́po: èkíní lọ́nà kan, èkejì lọ́nà méjì, títí dé ìkẹsàn-án. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi 1 kún un. Iye tó kù kí àròpọ̀ náà tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ẹyọ ìkẹyìn. Dancing Queen tí ẹgbẹ́ ABBA kọ ló gba àkọ́kọ́ ní 1995: T-000.000.001-0. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 1 lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 9, ẹ fi 1 kún un, ó di 10, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Bí akọ̀wé bá ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, kọ̀ǹpútà lè tètè fura.

Olórin kì í fún ara rẹ̀ ní ISWC. Ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́, bíi MCSN tó ti wà láti 1984, ni èèyàn ń kọ́kọ́ forúkọ orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó bá a kọ ọ́ àti ìpín oníkálukú. Ó dùn mọ́ mi pé nọ́ńbà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èdè Ìkálẹ̀ ń lo gh níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń lo w nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀; akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè wa lè kọ àkọlé orin kan ní oríṣi mẹ́ta.

Orin tí kò bá ní àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ lè má rí ẹni tó ni ín. Ní Amẹ́ríkà, nínú oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn ilé-iṣẹ́ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 424 dọ́là fún MLC, àjọ tó ń pín owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tó kọ orin. Owó orin tí wọ́n ti gbọ́ ni, tí wọn kò lè so mọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, fún ẹni tó kọ orin ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àádọ́ta ọdún péré lẹ́yìn tí àwo jáde ni ti ohùn tí a gbà sílẹ̀. Àwo tó jáde ní 1976 yóò lo tirẹ̀ tán ní ìparí 2026, nígbà tí ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin inú rẹ̀ ṣì lè wà láàyè fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ka kóòdù kejì sí pàtàkì ju èkíní lọ fún orin àtijọ́ ilẹ̀ wa. Orin ọdún ìbílẹ̀ tí gbogbo Ìkálẹ̀ jogún yàtọ̀ o. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni forúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin ọmọ tí bàbá tàbí ìyá yín dá orin aṣíkò tàbí bírípo sílẹ̀, ẹ wá àwo wọn jáde. Ẹ kọ àkọlé orin kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀ àti ọjọ́ tó kú, kí ẹ sì gbé e tọ ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ lọ kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ohùn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì.