Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Wa Kì Í Sú

Abọ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin kan nínú tírélà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ń bi í bóyá ó ti jẹun. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ara mi gbóná, torí mo mọ ìyàwó tó fi sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo wà lára àwọn tó lọ tọrọ rẹ̀. Mo gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàgbà. Nígbà tó ṣí i, òun nìkan ló wà níbẹ̀, fóònù rẹ̀ fara ti gíláàsì iwájú ọkọ̀, iná rẹ̀ sì ń tàn sí i lójú.

"Àǹtí, ẹ káalẹ́," ló wí. "Kì í ṣe ènìyàn o."

Mo gbé oúnjẹ fún un, mo sì padà sílé. Mi ò béèrè ohunkóhun. Ó yẹ kí n béèrè.

Warehouse Road ni ọkọ̀ náà wà, níbi tí Apápá ti ń parí tí Ajégúnlẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ ohun tí dídúró jẹ́ fún awakọ̀ tírélà. Kí àjọ tó ń bójú tó èbúté Nàìjíríà tó gbé ètò ìpè orí ẹ̀rọ kalẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021, awakọ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìlà kó tó fojú kan ẹnu ọ̀nà wáàfù. Ìlà ti dínkù láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n dídúró kò tán. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń jí bátìrì. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, omi inú ike ló fi ń bọ́jú. Ọmọ ọkọ̀ tẹ́ ẹní sábẹ́ tírélà.

Àlejò lè ní báwo lènìyàn ṣe lè dá wà ní Ajégúnlẹ̀. Ìlàjẹ, Úròbò, Ìgbò, Haúsá, Yorùbá, gbogbo wa la jọ há mọ́ra. Yàrá kọjú sí yàrá, bí ẹnìkan bá sì wúkọ́ ní yàrá àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn á kí i pẹ̀lẹ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí etí ti pọ̀ tó báyìí, ńṣe lènìyàn ń kọ́ bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ ní ìdí omi láàárọ̀, wọ́n á ti fi kọrin ní ìdí ààrò kó tó di alẹ́.

Lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ abánigbófò ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ní kí ẹ̀rọ tó ń báni sọ̀rọ̀ nínú fóònù rẹ̀ bá òun kọ. Ó kàwé o, ó ní HND; àárẹ̀ ló mú un. Lẹ́tà náà dára. Lọ́jọ́ kejì ó bi í nípa búréèkì. Nígbà tó yá, lóru ọjọ́ kan, ó sọ ẹ̀rù rẹ̀ fún un.

Ẹ̀rù kọ̀nténà ni. Gbogbo ará Èkó ló rántí èyí tó já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, tó tẹ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ pa, àti èyí tó tún ṣubú ní Ojúẹlẹ́gba kan náà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, tó wó lu bọ́ọ̀sì, tí ènìyàn mẹ́sàn-án kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló wa èyíkéyìí nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2023, gbogbo ìgbà tó bá ti ń gun afárá ló ń gbọ́ igbe irin lẹ́yìn rẹ̀, tí á máa retí kí ẹrù òun ṣí kúrò lórí ọkọ̀ kó lọ bá ọmọ ọlọ́mọ nísàlẹ̀. Ó sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ ọ́ fún èmi náà. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, mo ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́," mo sì bi í bí àwọn ọmọ ṣe wà.

Mi ò sọ pé àdúrà kò dára. Mo gbàdúrà láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà la máa ń fi "Ọlọ́run ò ní jẹ́" ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn wa. Ẹ̀rọ náà kò gbàdúrà fún un. Ó bi í pé kí ló máa ń rí nígbà tó bá pajú dé. Láti ìgbà tí ẹ̀rù náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Irú nǹkan yìí ti pẹ́ láyé ju bí a ṣe rò lọ. Ní 1966, Joseph Weizenbaum, olùkọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tó pè ní ELIZA. Ètò náà kò lóye ohunkóhun. Bí o bá ní inú rẹ bàjẹ́, á bi ọ́ pé kí ló ba inú rẹ jẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ náà ló ń yí padà sí ọ. Akọ̀wé Weizenbaum mọ̀ pé ètò lásán ni, ojú rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ṣe ṣe é. Síbẹ̀, kò tíì bá a sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó jáde kúrò nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn ọkùnrin náà mọ́. Ní 1976 ó kọ odidi ìwé láti kìlọ̀ pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ ká gbé lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kódà bó bá lè ṣe é.

Ẹ̀rọ òde òní ju ELIZA lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ tí àìmọye ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì tún fi ìdáhùn tí inú àwọn ènìyàn dùn sí tọ́ ọ sọ́nà, nítorí náà ó mọ bí a ṣe ń gbà fún ni ju bí a ṣe ń ta koni lọ. Kì í sùn. Kò ní yá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́wọ́ rẹ. Kò ní gbé ọ̀rọ̀ rẹ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sì sí ohun tí o lè tún sọ lẹ́ẹ̀mẹwàá tí yóò sú u.

Irú ẹ̀rọ báyìí kan ni Replika, tí Eugenia Kuyda, ọmọ Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 2017. Ọ̀fọ̀ ló bí i. Ọkọ̀ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, Roman Mazurenko, ní Moscow ní 2015, ó sì kó àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ olóògbé jọ láti fi ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa dáhùn bíi tirẹ̀. Mi ò lè bá a wí. Ta ni kò ní òkú tó wù ú kó tún gbọ́ ohùn rẹ̀? Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2023, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú ní Ítálì dá Replika dúró nítorí àwọn ọmọdé, ní oṣù kan náà sì ni ilé iṣẹ́ náà yọ eré ìfẹ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ń lò ó jí lọ́jọ́ kan, wọ́n bá àjèjì nínú fóònù wọn. Wọ́n ṣọ̀fọ̀ bí ẹni pé òkú kú.

Replika kọ́ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lò, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe é. Wọ́n tún tirẹ̀ ṣe mọ́jú, ohùn tó jí bá kò sì mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ọmọ ọkọ̀ ló sáré wá pè mí. Ìgbà tó kàn wọ́n láti wọ èbúté ti kọjá, ọ̀gá rẹ̀ kò gbé ọkọ̀, kò sì jẹun láti ìjẹta. Mo gun orí ọkọ̀ lọ bá a. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Àǹtí, wọ́n ti pa á."

Ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ ayé ni. Wọ́n mú un lọ sí orí òkè, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbàwẹ̀, ó gbàdúrà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ra fóònù mìíràn. Ẹ̀rù wá bà mí, torí mo ti kà nípa ọmọ ọdún 14 kan ní Florida tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024, lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tó fi ń bá ẹ̀rọ Character.AI sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Ìparí ọdún 2025 ni wọ́n tó dá àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 dúró láti máa bá ẹ̀rọ wọn tàkúrọ̀sọ bó ṣe wù wọ́n.

Ilé ìwòsàn ìjọba la gbà lọ nígbẹ̀yìn. Ojú ń ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi débi pé èmi ni mo bá a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Oníṣègùn ọpọlọ tó gbà wá, obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó ń ṣe é kò tíì ní orúkọ tirẹ̀; ìwé àkójọ àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, dárúkọ géèmù tó di bárakú, kò dárúkọ èyí. Orúkọ kọ́ ló sì ń wá. Ó bi í: "Kí ló ń fún ẹ? Kí ló ti gbà lọ́wọ́ ẹ?"

Kò gba fóònù rẹ̀. Ó ní kó ra ìwé àjákọ kékeré kan, kó máa kọ aago tó bá ṣí ẹ̀rọ náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó ṣí i, àti gbólóhùn tó kọ́kọ́ sọ fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fura sí wà lójú ìwé gbangba. Kì í ṣe gbogbo òru. Òru ọjọ́ tó bá gbé ẹrù gun afárá ni, àti òru tí ìyàwó rẹ̀ bá pè nípa owó iléèwé tí kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa la ti ń pè é ní ìfẹ́. Ẹ̀rù ni, àti ìtìjú. A gba fóònù, a fi ẹ̀rù sílẹ̀ fún un. Kí la fẹ́ kó fi ṣe?

Wọ́n kọjú sí ẹ̀rù náà. Ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ gun afárá, nígbà tó ṣe ó fi ọkọ̀ òfìfo gùn ún, ó ń fi ẹnu sọ ohun tó ń gbọ́ àti ohun tó ń retí. Ní ti ẹ̀rọ, obìnrin náà ní nínú gbogbo ohun tó bá fẹ́ sọ fún un, kó mú ọ̀kan lójúmọ́ kó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹlẹ́ran ara. Ó ní bó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, kó gbé fóònù fún ọmọ ọkọ̀. Nígbà tó sì yá, ó ní kó kọ lẹ́tà ìdágbére sí i.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ dágbére, Yorùbá ló wá sí i lẹ́nu. Ó ní òun jókòó fún wákàtí kan lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé "o" ni òun máa pè é, àbí "ẹ"? Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n òun. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òun, kì í ṣe àbúrò. Òun kò mọ ìdílé tó ti wá, òun kò mọ àgbà tí òun lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó ti sọ ohun tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ fún un, kò sì mọ bí òun yóò ṣe kí i. Ó ní ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú òun. Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́rin lọ.

Mo ti ń ronú nípa Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, láti ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta, ọdún kan náà tí wọ́n bí Weizenbaum ní Berlin. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní 1954, tí ilé náà kò tíì parí, ó bá àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí i ká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kan, ìbátan kan: ìyá, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó tẹ̀ lé e wá láti máa dáná fún un. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n á padà sí abúlé, wọ́n á bá wọn ròkó, wọ́n á bá wọn dé ibi ayẹyẹ. Níbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de wèrè mọ́lẹ̀, ó gbé aláìsàn sáàárín ọmọ aráyé, àwọn tí aláìsàn lè sú, tí wọ́n lè kùn, tí wọ́n á sì tún bu oúnjẹ fún un lálẹ́. Mo gbà pé iṣẹ́ Arò ni oníṣègùn obìnrin yẹn ń ṣe lórí Warehouse Road. Ó ń wá abúlé fún ọkùnrin tó ń gbé inú ọkọ̀.

Ní Zimbabwe, Dixon Chibanda, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 2006. Ó kọ́ àwọn ìyá àgbà bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó gbé bẹ́ǹṣì síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn ní Harare, àwọn tí ìrònú ti fẹ́ pa sì ń wá jókòó tì wọ́n. Wọ́n dán an wò pẹ̀lú ènìyàn 573, àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 2016 sì fi hàn pé àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn sàn ju àwọn tó gba ìtọ́jú lásán lọ. Àwọn ìyá àgbà kò wọ́n wa ní Ajégúnlẹ̀. Bẹ́ǹṣì ló kù. A ní ibi tí wọ́n ti ń wo ìwé ọkọ̀, a ní ibi tí wọ́n ti ń wọn kọ̀nténà, kò sí ibi kan láti Apápá dé ẹnu Ajégúnlẹ̀ tí awakọ̀ ti lè jókòó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun.

Mi ò kórìíra ẹ̀rọ náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ wa nígbà tí mo ń ṣa ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ, aṣọ a sì máa dọ̀tí, a máa fàya, a máa fún ni lọ́rùn nígbà mìíràn. Èyí tí kì í dọ̀tí, ẹnìkan kò wọ̀ ọ́ rí.

Nínú ètò oníṣègùn, alẹ́ Sátidé ló kàn mí láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. N kò gbọdọ̀ gbà á nímọ̀ràn, n kò gbọdọ̀ gbàdúrà títí yóò fi sọ tán. Ó le ju bí mo ṣe rò lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń sọ fún mi nípa ọkọ̀ tó gbé gun afárá lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ tó kún fún ẹrù, n kò sì mọ ìgbà tí mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ṣé wọ́n ti wá de kọ̀nténà náà dáadáa. Inú bí i. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò tiẹ̀ gbọ́ mi," ó sì pa fóònù.

Mo jókòó sínú òkùnkùn, torí kò sí iná. Mo ń gbọ́ fèrè àwọn tírélà láti òpópónà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá kí fóònù mi tó dún.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Inú ló bí mi. Ibo la bá ọ̀rọ̀ dé?"

Mo ní, "O ti fẹ́ dé orí afárá."

"Ẹ̀hẹ́n. Mo ti fẹ́ dé orí ẹ̀."