Ta Ni Bàbá Tòkunbọ̀?

Ní East Legon, ògiri lèèyàn ń kọ́kọ́ rí kó tó rí ilé. Láyé àtijọ́, àkúfọ́ ìgò ni wọ́n máa ń tò sórí ògiri bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ fò ó fi ẹ̀jẹ̀ san owó ibodè. Lónìí, wáyà oníná ló wà níbẹ̀, tó ń dún tín-ín-tín lóru bíi kòkòrò. Kámẹ́rà wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ajá méjì wà nínú ọgbà, ọlọ́dẹ kan sì jókòó sórí àga rọ́bà lẹ́nu géètì pẹ̀lú rédíò àti tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Gbogbo ìpalẹ̀mọ́ yìí kì í sábà ṣọ́ ju ohun méjì lọ: àwọn tó ń sùn nínú ilé, àti jíìpù tó wà níwájú ilé. Mo ti rí ilé kan tí wọ́n ti kan páànù sórí ibi tí jíìpù ń sùn kí wọ́n tó parí yàrá àwọn ọmọ.

Adenta ni èmi ń gbé. Ògiri wa kò ga tó tiwọn, àmọ́ olè ń bà wá lẹ́rù bákan náà. Mo ní géètì onírin, mo ní ajá kan tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, mo sì ní ọkọ̀ Corolla kan tó ti gbó débi pé olè kò ní í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ọmọ ti di mẹ́ta, ọ̀nà tó gba ọ̀dọ̀ wa kò sì ṣàánú ọkọ̀ tó rẹlẹ̀. A ti ń fi owó pamọ́ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, jíìpù la sì fẹ́ rà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ jíìpù lọ́wọ́ olè nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ náà dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Olè ọkọ̀ tòde òní kì í fi òkúta fọ́ gíláàsì mọ́. Ọ̀pọ̀ jíìpù tuntun kì í lo kọ́kọ́rọ́ tí a ń kì bọ ihò. Àpò ẹni ni kọ́kọ́rọ́ náà máa ń wà, tí yóò máa bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí ilé iṣẹ́ rédíò kékeré. Bí ẹni tó mú un lọ́wọ́ bá ti sún mọ́ ọkọ̀, ilẹ̀kùn á ṣí, á tẹ bọ́tìnì kan, ẹ́ńjìnnì á sì dìde. Ìrọ̀rùn yìí ni olè fi ń jẹun. Àwọn méjì ni wọ́n sábà máa ń wá. Ọ̀kan á fara ti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ohùn kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí tábìlì nínú ilé. Á ta àtaré ohùn náà sí ẹnì kejì tó dúró ti ọkọ̀. Ọkọ̀ á gbà pé olówó òun ló dé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì sí ariwo kankan. Ajá gan-an lè má jí.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ wá agolo onírin tí ìdérí rẹ̀ náà jẹ́ irin, ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀, ẹ dé e pa. Kí ẹ wá gbé agolo náà dání lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ẹ gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn. Bí kò bá ṣí, agolo yín dára. Bó bá ṣí, ẹ wá òmíràn. Ọkọ̀ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ni mo fi dán an wò: agolo bísíkíìtì ṣiṣẹ́, agolo mílíìkì tó ní ìdérí rọ́bà kò ṣiṣẹ́. Títí dòní, agolo bísíkíìtì ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá mi ń sùn sí.

Agolo nìkan kò sì tó. Ní ọdún 2022, wọ́n jí Toyota RAV4 ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ian Tabor gbé ní London. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni kó máa wádìí ààbò kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ken Tindell, wádìí ọ̀rọ̀ náà títí, wọ́n sì tú u síta ní 2023. Iná iwájú ni olè ń tú. Wọ́n á so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ wáyà tó wà lẹ́yìn iná náà, ẹ̀rọ yẹn á sì parọ́ fún ọkọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ wà nítòsí. Inú ike ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ orin ni wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ irọ́ náà pamọ́ sí, kí ọlọ́pàá tó bá bá a lọ́wọ́ wọn lè rò pé orin ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ìdí nìyí táwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń padà sí irin àtijọ́, ìyẹn ọ̀pá gbọọrọ tí wọ́n ń fi há sítíárìn. Ọ̀pá kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Àbúrò mi obìnrin kò ní ọ̀pá, kò sì ní agolo. Brampton ló ń gbé, nítòsí Toronto ní Kánádà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó fẹ́ gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, ó sì bá ibi tí Highlander rẹ̀ sùn ní òfìfo, pẹ̀lú ipa táyà tí yìnyín ti ń bò. Ẹkùn kọ́ ló fi pè mí. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àdúgbò yín. Wọ́n ní Ghana ni wọ́n ń kó wọn lọ.”

Mi ò lè sọ fún un pé irọ́ ni. Lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ olè ọkọ̀ ti di ti gbogbo ìlú ní Kánádà. Olè ti gbé Highlander tí ìjọba fún mínísítà ètò ìdájọ́ wọn pàápàá, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọlọ́pàá Toronto kan dìde níbi ìpàdé àdúgbò, ó gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kí olè má baà wá a dé inú ilé, kó sì ṣe wọ́n léṣe. Àbúrò mi ní òun gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n, òun sì bú sẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹrin, àwọn ọlọ́pàá kéde pé àwọn ti rí ọkọ̀ 598 tí wọ́n jí ní èbúté Montreal, nínú àwọn kọ̀ǹténà tó ń múra àtisọdá òkun.

Ibo ni wọ́n ń sọdá lọ? Láti ọjọ́ 17 sí 30 oṣù kẹta ọdún 2025, Interpol àti àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè 12 ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yẹ ọkọ̀ bíi 12,600 wò. Ghana, Nàìjíríà, Benin àti Togo wà lára wọn. Nǹkan bí 150 nínú àwọn ọkọ̀ náà ló jẹ́ èyí tí wọ́n jí. Kánádà ni wọ́n ti jí èyí tó pọ̀ jù, Toyota ló sì ṣíwájú nínú orúkọ wọn. Kó tó di ìgbà náà, EOCO, iléeṣẹ́ ìjọba Ghana tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ọrọ̀ ajé, ti ń bá àwọn FBI Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti ń gba irú jíìpù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà wọ́n ní Accra.

Ohun tí mo ń rò látìgbà náà nìyí. Nínú àwọn jíìpù tí wáyà oníná ń ṣọ́ ní East Legon, àwọn kan wà tó jẹ́ pé olè ló gbé wọn wá. A ń ná owó ribiribi kí olè Accra má baà gba ohun tí olè Toronto jí. Àwa Yorùbá ní òwe kan tí kò fi ẹnu méjì sọ ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òfin Ghana ti ọdún 1960 náà ka ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹrù olè sí ọ̀daràn. Inú “mọ̀ọ́mọ̀” yẹn ni gbogbo wa ń sá pamọ́ sí. Ẹni tí kò bèèrè, kò mọ̀ọ́mọ̀.

Àwa náà la sọ ọkọ̀ àlòkù ní tòkunbọ̀. Bí ọmọ bá ń jẹ́ Tòkunbọ̀, a mọ bàbá rẹ̀, a mọ ìlú tí ìyá rẹ̀ bí i sí. Ọkọ̀ nìkan la fún lórúkọ yẹn tí a kò bèèrè ilé baba rẹ̀.

Ìbéèrè yẹn kò sì ṣòro fún wa nígbà tó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ní oṣù keje ọdún 2023, ó jáde síta pé mínísítà ìmọ́tótó Ghana, Cecilia Abena Dapaah, fẹjọ́ sùn pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ jí mílíọ̀nù kan dọ́là àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún owó yúrò, yàtọ̀ sí owó sídì, nínú ilé òun ní Abelemkpe. Nínú bọ́ọ̀sì, ní ọ́fíìsì, nídìí kẹ́ńkẹ́, gbogbo Accra gbé e pọ̀n. Mi ò gbọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó bèèrè bí kọ́kọ́rọ́ yàrá ṣe dọ́wọ́ àwọn ọmọ náà. Ibi tí owó ti wá ni wọ́n ń bèèrè. Obìnrin náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì ní òun kò hùwà àìtọ́ kankan.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta ọkọ̀ ní ọ̀nà Spintex, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un. Ó ní, “Ṣé torí ọkọ̀ lo ṣe ń dààmú ara ẹ báyìí? Ìnṣọ́ránsì ti san án fún wọn tipẹ́. Òyìnbó kì í sunkún ọkọ̀.”

Mo ní àbúrò mi kì í ṣe òyìnbó. Lóòótọ́, ìnṣọ́ránsì san án. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi kún owó tó ń san. Èyí tí wọn kò lè san ni pé ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà kì í sùn nínú yàrá tó dojú kọ títì mọ́.

Bóyá mi ò bá ti jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti bàbá àgbà. Lagos Town ló ń gbé, ibi tí wọ́n ń pè ní Accra New Town báyìí, ó sì ń ránṣọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n jáde. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta àti bẹ́ẹ̀dì onírin kan ni bàbá àgbà tà láti fi wọ ọkọ̀ délé. Aládùúgbò rẹ̀ ló rà wọ́n. Ọkùnrin náà kò jalè, owó ló san, iye tí bàbá àgbà sì gbà ló fún un. Ṣùgbọ́n títí bàbá àgbà fi kú, bó bá ti kan orúkọ aládùúgbò yẹn, ohun kan ṣoṣo ló máa ń sọ: “Ó mọ ìdí tó fi pọ́ọ́kú.”

Mo wo ọkọ̀ fún Àbúrò ní Spintex, mo wò ó ní East Legon, mo wò ó dé Tema. Mi ò rí i. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi yìí ni mo ti rí Highlander aláwọ̀ eérú kan, tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ dín sí ohun tí a tọ́jú. Ìyàwó mi ti ń wo ibi tí àwọn ọmọ yóò jókòó. Mo ka nọ́ńbà ṣáàsì tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo ka ti ara òpó. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí méjèèjì sì bára mu délẹ̀. Wọn kò bára mu. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti wo abẹ́ àga ẹ̀yìn, mo rí ìbọ̀wọ́ onírun pupa kan, ẹyọ kan ṣoṣo, tó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Ọ̀fẹ́ ni wíwá a. Àwọn ọlọ́pàá Kánádà ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, CPIC ni wọ́n ń pè é, tí ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà ṣáàsì sí láti mọ̀ bóyá wọ́n ti kọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ pé wọ́n jí i. Ti Amẹ́ríkà ń jẹ́ VINCheck, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní NICB ló ni ín. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tẹ ti ìdí gíláàsì, kò sí ohun tó jáde. Mo tẹ ti ara òpó, ó jáde. Mo dojú fóònù kọ ìyàwó mi kó lè kà á fúnra rẹ̀. Ó kà á tán, ó dákẹ́, ó ní kí n pa iná.

Lójú ọjọ́ kejì, mo fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ síbi tó yẹ, mo sì sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé mo ti fi ránṣẹ́. Kò gbé fóònù mi mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ Sátidé ni òun fúnra rẹ̀ pè. Ó ní ọkọ̀ yẹn ti lọ kí ọ̀rọ̀ mi tó dé, ẹnì kan ti rà á, owó gidi ló sì san. Ó wá bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ń fa wáyà oníná sórí ògiri láìgbówó lórí, oníbàárà rẹ̀ ń wá ọ̀kan.