Ilé Dígí Àkèré

Ní Kútọ̀nú, bí òjò oṣù kẹfà bá ti rọ̀, àkèré a máa ké lálẹ́. Ọmọbìnrin kan mú méjì nínú ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó ní òun fẹ́ máa sìn wọ́n.

Bàbá rẹ̀ ra dígí pẹlẹbẹ márùn-ún ní ọjà Dantokpa: ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, mẹ́rin fún ẹ̀gbẹ́. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ. Ọmọ náà da iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó gbin koríko, ó gbé àwo omi síbẹ̀. Àwọ̀n ni wọ́n fi bò ó, torí àkèré mọ̀ ọ́n fò ju ọmọ iléèwé lọ!

"Bàbá, ṣé kí n bu omi ẹ̀rọ sí i?"

"Rárá, ọmọ mi. Awọ ara ni àkèré fi ń mu omi. Oògùn inú omi ẹ̀rọ lè pa á. Omi òjò ni kí o bù."

Wọ́n gbé ilé náà sí abẹ́ òjìji, kí oòrùn má baà se àwọn àkèré.

Ní alẹ́, ó ju ìrẹ̀ mẹ́rin tó wà láàyè sí i. Ọ̀kan jẹ ìrẹ̀ méjì. Èkejì kò jẹ nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kàn ń ta mọ́ dígí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dá eléyìí padà."

Wọ́n gbé e lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀. Ó fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn kò rí i mọ́.