Kí Á Pàṣẹ, Kí Á sì Dúró Gbọ́ Èsì

Àwọn ẹgbẹ́ tó ṣáájú wa ti kọ́ yàrá ìkàwé, wọ́n ti gbẹ́ kànga, wọ́n ti ra àga sí ilé ìsìn. Ẹ̀bùn tí àwa mú wá kéré lójú: kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, modem kan tí kò tóbi ju Bíbélì àpò lọ, wáyà kan láàárín wọn, àti ìwé àṣẹ kúkúrú tí àwọn ọmọ SS 2 fi ọwọ́ ara wọn kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo òbí ní ọjọ́ kan náà. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bi wá léèrè ìdí tí a fi yan ọ̀nà yìí, a fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ níhìn-ín, kí a sì sọ ohun tí a rò pé ó kọ́ àwọn ọmọ náà, àti àwa pàápàá.

Nígbà tí àwa wà ní ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́tà ni wọ́n máa ń fi rán wa sí àwọn òbí wa. Inú àpò ìwé wa ló ń gbà dé ilé. Bí kò bá sì dé, kò sí ẹni tí yóò tètè mọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, nǹkan sì yí padà. Lónìí, WhatsApp ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òbí ló ní fóònù ńlá, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tó ní i ń rí owó dátà san. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ìyá àgbà ló ń tọ́ wọn lábúlé, fóònù kékeré alábọ́tìnnì sì ni màmá yẹn ní. Ní sáà kan tí ọjọ́ ìparí yí padà lójijì, ìròyìn tètè dé etí àwọn tó wà lórí WhatsApp. Àwọn ọmọ tó kù sì jókòó lórí àpótí wọn lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló mú kí a ronú. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ń dé orí fóònù tó kéré jù lọ, kò sì bèèrè dátà. Ó tún dùn mọ́ wa nínú pé àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé, èyí tí Neil Papworth fi ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1992, ìkíni Kérésìmesì ni.

Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà wa ń gbà bá modem sọ̀rọ̀ ti pẹ́ láyé. Ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ ní RS-232. Serial port ni a ń pe ojú ihò tí wáyà rẹ̀ ń wọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló ṣe kókó: ọ̀kan fún sísọ̀rọ̀, ọ̀kan fún gbígbọ́, ọ̀kan tó dà bí ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ dúró lé. Ẹnu ẹni kìíní gbọ́dọ̀ kan etí ẹnì kejì. Àwọn lẹ́tà ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ọmọ tó tò lọ sí ilé ìsìn ní òwúrọ̀. Bí a bá ṣètò ìyára rẹ̀ sí 9600, lẹ́tà 960 ló lè kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ìyára yìí ṣáájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ẹnì kan sọ dáadáa yóò di ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ létí ẹnì kejì.

Ní ọdún 1969, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà tó wá ń jẹ́ Unix. Ọgbọ́n kan tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà dà bíi fáìlì: a lè kọ̀wé sínú rẹ̀, a sì lè kàwé láti inú rẹ̀. Linux tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa tẹ̀ lé ọgbọ́n náà. Orúkọ tí ó fún ihò serial wa ni /dev/ttyS0. Tty inú orúkọ yẹn wá láti ara teletype, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé àtijọ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà. Nítorí náà, ọmọ tó bá ti mọ shell lò, ìyẹn ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, lè bá modem sọ̀rọ̀ láìra ohun èlò mìíràn. Yóò fi stty ṣètò ìyára, yóò fi printf sọ̀rọ̀, yóò fi read gbọ́ èsì.

Èdè tí modem ń gbọ́ náà ní ìtàn. Ilé-iṣẹ́ Hayes ní Amẹ́ríkà ló mú un jáde ní ọdún 1981. Àwọn àṣẹ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AT, ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ fetí sílẹ̀. Bí a bá sọ AT nìkan, tí ara modem sì dá, yóò dáhùn pé OK. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé e, yóò ní ERROR. Kí àwọn ọmọ tó sọ ohunkóhun mìíràn, ìkíni yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, bí ọmọ tó kúnlẹ̀ kí àgbà kó tó jíṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ohun kékeré kan ló kọ́kọ́ dá wọn dúró. Wọ́n fi AT ránṣẹ́, modem sì dákẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé àmì ìlà tuntun ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ àmì tí modem mọ̀ ni carriage return, èyí tó ti wà láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Lẹ́tà méjèèjì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kàn ń dúró kí wọ́n parí gbólóhùn ni.

Lẹ́yìn ìkíni, AT+CMGF=1 ń sọ fún modem pé lẹ́tà ni a fẹ́ lò. Ó ń dáhùn pé OK. AT+CMGS pẹ̀lú nọ́ńbà òbí ló tẹ̀ lé e. Níbí, modem kì í sọ pé OK, àmì > ló ń gbé jáde, bí ẹni tó ń sọ pé, “Mò ń gbọ́, ẹ máa wí.” Ìgbà yẹn ni a tó lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kí a sì fi Ctrl-Z pa á dé. Lẹ́yìn èyí, modem yóò bá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kó tó mú èsì wá.

Ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ kọ tú gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró gbọ́ èsì kankan. Modem ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ńbà kìíní nígbà tí àṣẹ nọ́ńbà kẹta ti dé. Díẹ̀ nínú àwọn tí a fi dán an wò ló rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà. Èyí tó burú jù ni pé kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ó kọ ọ́ sójú pé iṣẹ́ ti parí. Olùkọ́ wọn kò bá wọn tún un ṣe. Ó ní kí ọmọ méjì dìde, kí ọ̀kan jẹ́ kọ̀ǹpútà, kí èkejì jẹ́ modem, kí wọ́n máa fún ara wọn ní bébà. Kò pẹ́ tí ọmọ tó jẹ́ modem fi kígbe pé, “Ẹ jẹ́ kí n tíì dáhùn ná!” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti tún ìwé àṣẹ wọn kọ. Lẹ́yìn àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró. Bí èsì kò bá dé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20, yóò kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, yóò sì kọjá sí èyí tó kàn.

Ọ̀rọ̀ tó fa àríyànjiyàn láàárín àwa àgbà ni ti èdè wa. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè gba lẹ́tà 160 bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú àkójọ lẹ́tà GSM. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá wọ inú ọ̀rọ̀ wa, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò bọ́ sí ìlànà mìíràn tó jẹ́ pé 70 péré ló ń gbà. Àmì ohùn tó bá sì wà lórí ẹ tàbí ọ ń gba àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn kan nínú wa ní kí a yọ àmì kúrò kí owó má baà pọ̀. A wá gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọkọ́ wá ní ọjọ́ ìwọlé. Láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ́ ni, tàbí ọkọ̀, tàbí ọkọ? Ẹ̀rín pa gbogbo wa, àríyànjiyàn sì parí. A fi àmì sílẹ̀, àwọn ọmọ sì kọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ tó kún ní ìwọ̀nba àyè. Olùkọ́ Yorùbá ló ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde.

Ẹnì kan nínú wa tó jẹ́ oníṣirò owó tún bèèrè ìdí tí a kò fi sanwó fún ilé-iṣẹ́ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ púpọ̀ ránṣẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. Ẹ̀rọ tiwọn yá ju tiwa lọ. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 6 lọ́wọ́ modem wa, òbí 300 yóò gba ààbọ̀ wákàtí. Èsì wa ni pé a kò kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nítorí kí nǹkan lè yá nìkan. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú kí ẹ̀rọ dáhùn kò ní bẹ̀rù ẹ̀rọ mọ́, níbikíbi tó bá bá a pàdé.

Síbẹ̀, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbára lé OK ju bó ti yẹ lọ. Ohun tí OK ń sọ ni pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti gba ọ̀rọ̀ náà. Kò sọ pé màmá ti kà á. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà ń tẹ àwọn nọ́ńbà tí kò dáhùn sórí bébà, olùkọ́ kan sì ń pè wọ́n. AT+CMGL sì ń ka àwọn èsì tí òbí bá kọ padà. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé jẹ́ ti ìyá àgbà kan, tí ọmọ aládùúgbò bá tẹ̀: ó ní òun ti gbọ́, òun yóò dé kí ọ̀sán tó pọ́n.

Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí yóò fi tọmọ jẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nínú ilé Olúwa ní Ṣílò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sámúẹ́lì sáré tọ Élì lọ kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń pè é. Élì, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ló kọ́ ọmọ náà bí yóò ti dáhùn. Ipò Élì ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wà nísinsìnyí. Àwa òbí náà máa ń to àṣẹ lé ọmọ lórí láti òwúrọ̀ dé alẹ́: lọ wẹ̀, lọ kàwé, pa iná, lọ sùn. Bí ọmọ bá dákẹ́, a rò pé ó gbọ́. Ó lè jẹ́ pé kò tíì ráyè dáhùn ti àkọ́kọ́ ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ ní nọ́ńbà tó ń ṣiṣẹ́, kódà bó jẹ́ ti aládùúgbò. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan péré dáhùn. Àwọn ọmọ yín wà níbẹ̀ tí wọ́n ń retí rẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní etí tó ń gbọ́, kí ó sì mú ilé-ẹ̀kọ́ wa tẹ̀ síwájú. Àmín.