Ìwé Tí Ó Bá Akọ̀wé Lọ

Ní orúkọ Ọlọ́run, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa, ohun tí a fẹ́ sọ yìí tì wá lójú nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í pamọ́, a ó tún ṣe irú rẹ̀ ni.

Lọ́dọọdún, kí Rámádáànì tó parí, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa máa ń pín ìrẹsì àti gàrí fún àwọn opó àdúgbò. Akọ̀wé wa ni ó ń tọ́jú orúkọ wọn. Ó mọ ìyá tí kò lè rìn, ó sì mọ èyí tí ojú ń tì láti gba nǹkan ní gbangba. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ìwé, ìyókù wà nínú orí rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí Òkè Ọya, àdúrà ni a fi sìn ín. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ìwé.

Nígbà tí Rámádáànì dé, a pè é lórí fóònù. Ó ní ìwé wà nínú ẹrù tí òun kò tíì tú. Orúkọ tí a bá rántí ni a kọ. Lọ́jọ́ ìpín, ìyá àgbà kan jókòó láti Aláásárì. Omi lásán ni wọ́n fi ṣínu. A kírun Ìṣáì tán, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. A wo ìwé, a ní, "Ìyá, orúkọ yín kò sí níbí o." Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń gbà á. Ìrẹsì sì ti tán.

Ní ìpàdé, olúkúlùkù ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Alhaja kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó pa wá lẹ́nu mọ́. Wọ́n rán wa létí oṣù Keje ọdún 2014, tí arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Orúkọ àwọn 894 tí ó ti súnmọ́ aláìsàn ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kanlẹ̀kùn wọn ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ ní ibùdó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2012 láti gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀ ni wọ́n lò. Alhaja ní, "Ìwé kì í wo àìsàn, ṣùgbọ́n òun ni ó ń júwe ilé tí a ó kàn."

Láti ìgbà náà, ìwé wa di méjì: ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ṣáláṣí, èkejì wà lọ́wọ́ akápò. A ń tì í pa, nítorí àṣírí aláìní kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé ń kà. Olóyè tí ń lọ gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹni tí ń bọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ètò, a ń bi ara wa pé: kí ni a fẹ́ ṣe, kí ni ó ṣẹlẹ̀, kí ni a ó yí padà? Àṣìṣe ni a ń kọ, a kì í kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Bí a bá ń kọ orúkọ, gbogbo wa ni yóò máa purọ́.

Àwọn kan ní àìfọkàntánni ni gbogbo ìwé yìí. A rán wọn létí pé ẹsẹ̀ tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùráánì, ẹsẹ̀ 282 Súrátul-Bàkárà, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí kò bá sọ, kòtò náà ń dúró de ẹni tí ń bọ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú ìwé wa nìyí: "Ẹ gbé ti àwọn àgbà lọ bá wọn nílé." Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, ilé ìyá náà ni a kọ́kọ́ kàn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a gbàgbé aláìní. Àmín.