Owó Ilẹ̀ Wa àti Ọpọlọ Inú Ẹ̀rọ

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2024, lẹ́yìn tí Ìfẹ́ ti sùn, ọkọ mi gbé ìwé kan síwájú mi. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa kọ sọ́fítíwíà tí ń gbé inú ẹ̀rọ. Kì í ṣe irú èyí tí a ń tẹ̀ lórí fóònù. Ọpọlọ tí ń darí ínfátà, mítà iná àti ẹ̀rọ tí ń fa omi ni. Owó tí a ti fi ọdún mẹ́rin tọ́jú láti ra ilẹ̀ ni ó fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwé àwọn tí ń wá ẹ̀yáwó ni mo sì máa ń yẹ̀ wò. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni mo bi òun náà: “Bàbá Ìfẹ́, ta ni yóò sanwó fún ohun tí ojú kò rí?”

Ó sọ ìtàn Wind River fún mi. Ní ọdún 1981 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní California. VxWorks, sọ́fítíwíà rẹ̀, wà nínú ọkọ̀ òfúrufú, ó sì wà nínú àwọn ọkọ̀ tí NASA rán lọ sí Mars. Intel ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2009 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 884 dọ́là. Nígbà tí Aptiv, tí ń ṣe ohun èlò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, yóò fi rà á ní ọdún 2022, owó rẹ̀ ti di nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.5.

Èmi náà ti ka ìwé tèmi. Mo rán an létí pé FreeRTOS, tí ó ti wà lọ́wọ́ Amazon láti ọdún 2017, ọ̀fẹ́ ni. Linux náà, ọ̀fẹ́ ni. “Bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹnikẹ́ni lè kọ́lé lé e. Ṣé ẹ fẹ́ máa ta omi létí odò ni?” Kò rí èsì fọ̀. Ó ká ìwé rẹ̀, ó lọ sùn. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a kò mẹ́nu bà á mọ́.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá, ìyá mi pè láti Ìbàdàn. Wọ́n ra iná, mítà kò gbà á. Ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò rìsíìtì wọn ránṣẹ́. Nígbà tí ó rí i, ó ṣàlàyé fún mi. Nínú nọ́ńbà 20 tí a ń tẹ̀ sínú mítà ni àkókò tí wọ́n ṣe é fara pamọ́ sí. Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1993, àyè tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún un kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 16.7 lọ. Ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni àyè náà kún. Gbogbo mítà tí ń lo ìlànà yìí káàkiri ayé ni a gbọ́dọ̀ tẹ nọ́ńbà àkànṣe méjì sí, 20-20, kí ó tó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n wà lórí rìsíìtì náà. Kò kàn sí ẹni tí ó sọ fún màmá ohun tí wọ́n wà fún.

Mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń pè é fún wọn. Wọ́n ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, iná dé.

“O ṣé, ọmọ mi,” ni màmá wí. “Ṣùgbọ́n àwọn tó ta nǹkan yìí, bí wọ́n bá ti tà á tán, ṣé wọn kì í padà wá wò ó ni?”

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Ohun tí mo ti ń wá nínú ìwé ọkọ mi nìyẹn. Ní ọdún 1997, nígbà tí kọ̀ǹpútà Mars Pathfinder, tí ń lo VxWorks, ń pa ara rẹ̀ tán léraléra, láti ilé ayé níbí ni àwọn ẹnjiníà ti wá ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì tún un ṣe. Ẹni tí ó ń ra irú sọ́fítíwíà yìí kò sanwó nítorí pé kò rí ọ̀fẹ́. Ó ń sanwó kí ẹnì kan lè jẹ́ ẹ ní gbèsè ìdáhùn lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́.

Ní òwúrọ̀, mo sọ àdéhùn tèmi. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ mi kò ní fi iṣẹ́ oṣù rẹ̀ sílẹ̀ títí wọn yóò fi ní oníbàárà méjì. Gbogbo oníbàárà ni yóò sì máa san owó ìtọ́jú lọ́dọọdún. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ fà ro, ṣùgbọ́n ó gbà.

Oníbàárà kan ni wọ́n ní báyìí, tí ń to ínfátà ní Èkó. Kì í tètè sanwó. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán iṣẹ́ wò, owó ilẹ̀ tí a fẹ́ rà sì ti gorí. N kò tíì lè sọ pé a kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, oníbàárà yẹn san owó ìtọ́jú ọdún kejì láìjẹ́ pé a rán an létí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò wa, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.